Ohùn Ẹnjiníà Àdùnọlá

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Tèmíladé, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, máa ń bá Ẹnjiníà Àdùnọlá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òfin ìjọba ló fi obìnrin ẹnjiníà kan ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí Tèmíladé yege nínú ìdánwò afárá, ó wọkọ̀ lọ sílé ẹnjiníà náà ní Abẹ́òkúta láti lọ dúpẹ́.

Ó bá obìnrin náà níta níbi tó ti ń sá aṣọ, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni Tèmíladé, ọmọ yín ti Ọjọ́bọ̀."

Àdùnọlá wò ó títí. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀rọ lò ń bá sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ wa kó ohùn mi àti ìmọ̀ mi sínú rẹ̀, wọ́n wá ní kí n máa lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo àwa obìnrin ibẹ̀ nìyẹn."

Tèmíladé fi fóònù rẹ̀ pe ẹ̀rọ náà, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. "Ẹnjiníà, tí mo bá jáde ní yunifásítì, ṣé màá ríṣẹ́?"

"Iṣẹ́ ti ń dúró dè ọ́, ọmọ mi," ni ohùn náà fèsì, ó tutù bí omi àmù.

Àdùnọlá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jọ̀ọ́, pa á," ló wí. "Èmi ò parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ rí."