Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

Ìgò ìpara kẹta ni ìyá ọkọ ń ṣí yìí. Ó gbé e símú, ó yínmú sí i.

"Kí ni wọ́n fi ṣe èyí tó ń ta sánsán báyìí?"

"Ìpara lásán ni, Màmá. Mi ò tiẹ̀ lò ó látìgbà tí mo ti bímọ."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń bó, o ní ìpara lásán. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Ó jù ú sínú àpò ìdọ̀tí. Àtíkè tẹ̀ lé e, lọ́fínńdà náà ò gbẹ́yìn. Ó fọwọ́ ra ọrùn tó ti ń ro ó láti ọjọ́ tó ti wá bá wọn gbọ́mọ.

Ọmọ figbe ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ gbé e lé èjìká òsì bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé orí rẹ̀ ti ọrùn ara rẹ̀.

"Dákẹ́, ọkọ mi. Mo ti rí ọ̀tá ẹ mú."

Ẹkún ọmọ tún le sí i. Ìyàwó ń wò wọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ọmọ rí jọ̀lọ̀. Ti òsì tó ń bó ló fara ti ọrùn yẹn. Ó sún mọ́ wọn, ó fa imú.

"Kí lò ń gbóòórùn lára mi?"

"Màmá, ìgbà wo lẹ fi róòbù pa ọrùn?"

"Àràárọ̀ ni mo ń pa á. Kí ló..."

Ó bojú wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ. Ìyàwó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì na àpò ìdọ̀tí náà sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.