Fọ́tò Akóredé Nínú Ìwé Morónkẹ́

Morónkẹ́, ìyàwó Jethro akọ̀wé ní Kàbbà, kì í bèèrè kó tó mú. Bí nǹkan bá ti wù ú, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ibẹ̀. Kì í ṣe olè. Ohun tó bá mú, ó lè dá a padà, ó sì lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé nǹkan tó kéré lójú ẹni tó mú un lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù fún ẹni tó ni ín. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí nígbà tó wà lọ́mọdé ní Iffe, ìlú kan lẹ́bàá Kàbbà. Ó gbọ́, kò gbà.

Ní ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà, Jethro mú ìwé ńlá kan tí kò ní ìlà bọ̀ láti ọ́fíìsì. Morónkẹ́ ní òun yóò lẹ àwòrán mọ́ ọn, kí gbogbo àlejò òun lè máa ṣí i wò. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fún ọ̀sán Sátidé kan, Martha ìyàwó tíṣà àti Àsíyátù tó ń ta aṣọ lọ́jà, pé kí kálukú mú àwòrán wá kí wọ́n jọ ṣe é. Ó yan ẹ̀pà sílẹ̀ fún wọn. Ó ro láfún nínú omi gbígbóná títí ó fi ń fà bí oje igi, pé òun ni àwọn yóò fi lẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni Àsíyátù mú wá, ó fi ìborùn wé e. Akóredé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ sójà, tó di ọwọ́ ìyá wọn mú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Àsíyátù nígbà tí Akóredé lọ sí ogun Bọ́mà. Kò padà mọ́. Kò ní sàréè, kò sì ní fọ́tò mìíràn.

"Mo mú un wá kí ẹ wò ó ni o," Àsíyátù wí. "Kì í ṣe lílẹ̀. Màmá ní kí ilẹ̀ má ṣú bá a níta. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kí i. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn àwọn, àfi bí àwọn bá rí fọ́tò."

"Fọkàn balẹ̀," Morónkẹ́ dáhùn. "Ta ni yóò jẹ fọ́tò?"

Martha bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ni, ìyàwó akọ̀wé! Abọ́ tánganran mi tó wọ ilé yìí nígbà Kérésì, mi ò tíì gburòó rẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gé, wọ́n ń lẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí àkókò ìrun Àsárì tó, Àsíyátù bu omi sínú búútà, ó lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Ó fi fọ́tò sílẹ̀ lórí tábìlì.

Morónkẹ́ ti lẹ àwòrán Ọbabìnrin tó gé láti ara kàlẹ́ńdà sí àárín ojú ìwé kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. "Ó ku sójà tí yóò máa ṣọ́ ọ," ó wí, ó sì na ọwọ́.

"Bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná," ni Martha wí.

"Ó ń kírun. Ṣé kí n lọ dá a dúró lẹ́nu ìrun ni? Ọ̀rẹ́ mi ni, kò ní bínú."

Ó fi àlùmọ́gàjí gé Akóredé kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó fi láfún sí i lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

Àsíyátù wọlé, ó rí àwòrán ìyá rẹ̀ nílẹ̀, láìní ọwọ́. Kò pariwo. Ó jókòó. Ó mú un nílẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́. Jẹ́ kó gbẹ bẹ́ẹ̀. Gbé odindi ìwé náà fún mi, kí n gbé e lọ fún Màmá."

Morónkẹ́ wo ìwé rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ ni wọ́n ti ṣe, gbogbo rẹ̀ ló dára. "Odindi ìwé? Nítorí sójà kan? Jẹ́ kí n ṣí i kúrò fún ọ."

"Gbé e fún un, Morónkẹ́!" Martha ké.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Morónkẹ́ ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ fọ́tò, ó fà á. Bàtà tẹ̀ lé e. Ẹ̀wù àti bọ́tìnnì tẹ̀ lé e. Ojú kò tẹ̀ lé e. Ó ya mọ́ inú láfún, ibẹ̀ sì funfun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Morónkẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá Akóredé.

"Okun o, Màmá," ó kí i, bí wọ́n ti ń kíra ní Kàbbà.

"Okun. Mi ò bá ọ jà. Jókòó." Ìyá náà gbé fọ́tò tí kò ní ojú lé orí itan. "Nílé wa, ẹni tó bá rí ènìyàn kẹ́yìn ló ń wá ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ogun mú ọmọ mi lọ, ẹnikẹ́ni kò wá. Ní báyìí, ìwọ lo rí ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Báwo ló ṣe rí?"

Morónkẹ́ la ẹnu. "Ó dé fìlà sójà, Màmá."

"Mo mọ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ń bi ọ́."

"Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ márùn-ún ló ń dán."

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

Morónkẹ́ kò mọ̀. Kò wo ojú rẹ̀ rí. Sójà ló wá, sójà ló rí.

"Ó dáa," ìyá náà wí. "Lọ rò ó. Padà wá lọ́la."

Ó padà lọ lọ́la, ó lọ lọ́túnla. Àràárọ̀ ló ń lọ, ìbéèrè kan náà ni. Màmá kò bú u rí. Martha wá gba abọ́ rẹ̀, kò jókòó. Bí Morónkẹ́ bá wọ ilé ẹlòmíràn, wọn a rọra kó nǹkan wọn kúrò nílẹ̀. Àsíyátù kò tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ìwé ńlá náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àlejò kankan kò ṣí i.

Nígbà ọyẹ́, Màmá kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, ẹsẹ̀ Morónkẹ́ tún gbé e débẹ̀. Àga ṣófo. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan mọ́, ìdáhùn kò sì tíì dé ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín. Ẹ máa bèèrè kí ẹ tó mú, kódà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ gan-an ló yẹ kí ẹ bi. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, tí wọ́n sọ ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe, ẹ má ṣe ro iye tí yóò ná yín. Ẹ gbé ìwé náà sílẹ̀. Àṣìṣe Morónkẹ́ àkọ́kọ́ ṣì ní àtúnṣe. Èkejì ni kò ní.