Fọ́tò Tí Rogério Mú Wá

Abísóyè ti kọ̀ jálẹ̀. Sharon, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò ní fẹ́ Rogério, ará Brazil.

"A ò mọ ìran wọn rárá!"

Lónìí, Rogério fúnra rẹ̀ wà ní pálọ̀ wọn ní ìlú Sachse lókè òkun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì na fọ́tò àtijọ́ kan sí Abísóyè.

Sharon ń ṣàlàyé. "Mọ́mì, bàbá ńlá ẹ̀ ló dúró yìí. Èyí tó jókòó ni àbúrò wọn, tó wọkọ̀ ojú omi padà sí Èkó."

Abísóyè tẹjú mọ́ ẹni tó jókòó. Ó figbe ta.

"Bàbá tó bí bàbá mi nìyí! Fọ́tò yìí wà nílé wa ní Pópó Àgùdà l'Ékòó!"

Inú Sharon dùn. "Ẹ ti gbà nìyẹn?"

"Gba kí ni? Rogério, sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò ẹ!"