Àpótí Tó Dín Oògùn Bàbá Adégòróyè Kù

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, hóró oògùn méjì péré ni àpótí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń pín oògùn lórí tábìlì, gbé jáde fún Bàbá Adégòróyè, dípò mẹ́jọ.

"Ìyókù dà?"

"Dókítà ti ní kí n yọ wọ́n, Bàbá," ni àpótí dáhùn. "Wọ́n ń bá ara wọn jà. Àwọn ló fa òòyì tó gbé yín ṣubú ní balùwẹ̀."

Inú bí Bàbá. Ojú wo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi iye oògùn wọn yangàn, yóò fi wo àgbàlagbà tí oògùn rẹ̀ kò ju hóró méjì lọ?

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá fi tèmi kún un."

"Mo ń gbọ́ yín o, Màmá," ni àpótí wí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yípo, Bàbá dìde láìdi ògiri mú, ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà.

"Òòyì ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Òòyì wo?"