Àtàǹpàkò Tíṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kàwé tí ẹ rò pé ọ̀dọ̀ yín ni ìmọ̀ parí sí.

1.

Tíṣà ni gbogbo abúlé ń pe ọkùnrin yìí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ ò fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, amọ̀kòkò, ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ìkòkò ló mọ tó fi rán an lọ sí ilé ìwé.

Ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ ìlọta ni òun àti àwọn obìnrin mọ́kànlá mìíràn ti ń wa amọ̀. Bí wọ́n bá wà á tán, wọ́n á dí ihò náà padà kí ẹran má baà já sí i, wọ́n á sì jẹ́ kí koríko hù lé e. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé pápá lásán ni. Tíṣà kò débẹ̀ rí. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń sọ fún un pé, "Jókòó ti ìwé rẹ. Amọ̀ á ba aṣọ rẹ jẹ́."

2.

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣètò bí agbègbè náà yóò ṣe máa gbòòrò fún ogún ọdún, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ó kó ọgọ́ta ìwé ìbéèrè fún Tíṣà, ìwé kan fún ilé kan, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ abúlé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ bá wọn jókòó nílé wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kó tẹ̀ka."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Ọwọ́ àgbà lo kó o lé."

Ilé alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ yà. Alágbẹ̀dẹ lo wákàtí kan gbáko lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ là. Tíṣà wo aago, ó pòṣé, ó gba ilé lọ. "Kí ni àwọn wọ̀nyí mọ̀ nípa ogún ọdún?" ló ń sọ lọ́nà. "Èmi tí mo mọ̀ ni n ó bá wọn sọ ọ́."

3.

Ọ̀sán mẹ́ta ló fi kún gbogbo ọgọ́ta ìwé náà. Ó pààrọ̀ báírò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ díẹ̀, ó fi tòsì kọ díẹ̀, kí ìkọ̀wé má baà jọra. Iṣẹ́ náà tilẹ̀ ń dùn mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti béèrè ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò, ó fàlà yí ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ ká nínú gbogbo wọn, ó kọ ọ́ pé: "Ibí yìí ṣófo."

Àwọn tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ó ti àtàǹpàkò òsì ara rẹ̀ bọ yíǹkì, ó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ o. Kò lọ bi í.

4.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n pèpàdé sí ilé ìwé. Àwọn àgbà ká ara wọn kò sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Akọ̀wé ka ètò náà: wọ́n máa da kọnkéré sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ, kí ọkọ̀ akẹ́rù máa gúnlẹ̀ síbẹ̀, nítorí gbogbo ilé ló sọ pé ó ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà dìde. "Amọ̀ wa ló wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

"Màmá, ìwé yín rèé, ìka yín rèé. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ sọ. A ó dá ètò yìí dúró lónìí, a ó sì fa ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Obìnrin náà gbé ìwé súnmọ́ ojú. Kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń fi àmì ìka tó wà lára amọ̀ mọ ìkòkò ẹni kọ̀ọ̀kan. Ó rí àpá kan tó gba àárín àtàǹpàkò náà kọjá. Àpáàdì ló gé Tíṣà níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ dì í.

Ó wo àbúrò rẹ̀. Tíṣà wo ilẹ̀. Kó kàn dìde kó ní "Èmi ni" ló kù, ṣùgbọ́n ó ti ọwọ́ òsì bọ àpò, ó jókòó.

"Ìka mi ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo gbàgbé ni. Ọjọ́ ogbó ti dé."

Nígbà tí àwọn yòókù náà ní ẹnikẹ́ni ò bi àwọn, akọ̀wé ní wọ́n ti gbàgbé bíi tirẹ̀ ni. Àwọn amọ̀kòkò mọ́kànlá yíjú sí ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí i mọ́.

5.

Ìgbà tí katakata ti tẹ́ ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì da kọnkéré sí i tán, ni Tíṣà tó lọ dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń mọ ìkòkò. Yàrá náà ti gbẹ, òórùn amọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Mo ti lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní ọlọ́pàá máa ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n kọnkéré ò ṣeé wú mọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ bò mí?"

"Ọwọ́ tí mo fi aṣọ dì, ṣé èmi náà ni kí n tún fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i? Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni, Tíṣà. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ọ."

Ojú ti Tíṣà. Títí dòní, bí ọmọdé bá kí i ní "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà," ńṣe ló máa ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ òsì sí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá rán yín láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú, ẹnu wọn ni kẹ́ ẹ ti gbà á, kì í ṣe orí ara yín. Bí ó sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ bi, tí ẹ ò rí ẹni tó wá, ẹ lọ béèrè ìwé yín kí ẹlòmíràn tó bá yín tẹ̀ka. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.